Iná Tí Kò Ní Eérú

Ikọ́ ló mú gáàsì wọ ilé ìyá mi. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé, àwọn tó ń kọjá lójú títì á dúró kí i, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, òun náà á sì máa juwọ́ sí wọn nítorí pé ẹnu rẹ̀ ò ráyè. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ní Ìlọfà ló ti ń fi igi dáná, irú ló sì ń ṣe tà. Irú ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ iná kékeré. Wóro irúgbá á wà lórí iná títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí yóò tún fi mọ́, kó tó rọ̀. A ó tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, a ó fọ̀ ọ́, á tún padà sórí iná, lẹ́yìn náà la ó tó bò ó sínú igbá kó lè rà. Nígbà tí dókítà gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún, ó ní kí a mú un kúrò nínú èéfín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, tó ń gbé ní Ìlọrin, ló dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti sọ, ó ti dòfin. Ó ní kí Màmá fi igi sílẹ̀ kó máa fi gáàsì dáná, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ wá bá òun ní Ìlọrin. Òun á ra gáàsì náà. Bó bá yá, òun á wá fi ojú ara òun wò ó. Bí òun bá rí i pé ó lè lò ó láìsí ewu, kó jókòó sílé rẹ̀. Bí kò bá lè lò ó, inú ọkọ̀ tí òun bá gbé wá ni yóò bá òun padà.

Ìyá mi ò fẹ́ Ìlọrin. Kì í ṣe pé òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń jà, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, àwọn ayálégbé sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Ta ni yóò gbà kí arúgbó bo irú sínú igbá lẹ́bàá yàrá òun? Ẹ̀gbọ́n mi gan-an tó jẹ́ pé kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò ní irú, ẹ wò ó bó bá ń gbé irú lọ láti Ìlọfà. Yóò ní kí Màmá dì í sínú ọ̀rá, kó fi ọ̀rá bo ọ̀rá, kó fi ìyẹn sínú ike tó ní ìdérí, kó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́hùn-ún, síbẹ̀ gbogbo gíláàsì ọkọ̀ ni yóò yí sílẹ̀ títí dé Ìlọrin. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mọ irú, imú rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Aṣọ ni mo ń rán ní Àràròmí-Ọ̀pin, gáàsì ni mo sì fi ń dáná nílé mi, ni wọ́n bá ní kí n lọ kọ́ Màmá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọfà. Kí n má parọ́, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìkan. Ojú mi kì í gbélẹ̀, mo fẹ́ máa mọ ìdí gbogbo nǹkan. Mo fẹ́ rí bí ẹni tó ti fi igi dáná láti kékeré yóò ṣe bá iná tí kò jẹ igi ṣe pọ̀.

Ọkùnrin tó ń ta gáàsì nílùú ló gbé sìlíńdà wá pẹ̀lú sítóòfù olójú méjì. Ó gbé sítóòfù sórí tábìlì nínú ilé ìdáná, ó gbé sìlíńdà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi róbà so méjèèjì pọ̀, ó fi irin kékeré fún ẹnu róbà náà le. Ó wá fi bí wọ́n ṣe ń tan án hàn wá. Kí a kọ́kọ́ ṣí orí sìlíńdà, kí a ṣáná, kí a gbé iná ìṣáná sún mọ́ ojú sítóòfù, ìgbà náà la ó tó yí bọ́tìnì. Ìyá mi fẹ́ gbìyànjú. Ó yí bọ́tìnì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ìró rẹ̀ kó lè mú ìṣáná jáde. Ọkùnrin náà sáré yí bọ́tìnì padà. Ó ní igi máa ń dúró de ẹni tó fẹ́ tan án, gáàsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti jáde láìríná, ó ń lọ nìyẹn, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ bí omi, ibẹ̀ ni yóò kó jọ sí tí yóò máa retí ẹni tó máa ṣáná.

Ẹ̀kọ́ yìí wọ ìyá mi lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń mi nínú sìlíńdà bí omi nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Ó fẹ́ mọ ìdí tí iná kò fi gba inú róbà padà sínú sìlíńdà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí sítóòfù, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Uná yìí, eérú rẹ̀ dà?" ó ní. Bí wọ́n ṣe ń pe iná lọ́dọ̀ wa nìyẹn. "Bí uná bá kú, eérú ló fi ń bojú. Èyí tí kò ní eérú ńkọ́, kí ni yóò fi bojú?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Kó tó lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú rẹ̀ le sí. Ó ní wọ́n ti po òórùn burúkú mọ́ gáàsì kí èèyàn lè mọ̀ bó bá ń jò, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan suwíìṣì iná mànàmáná, ẹ pa orí sìlíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde. Ìyá mi tó ti béèrè nípa ohun gbogbo kò béèrè ohunkóhun nípa èyí. Orí ló kàn ń mì. Mo rí i, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e dùn mọ́ mi gan-an. Mo sọ fún un pé iná gáàsì tó dára máa ń ní àwọ̀ aró, bó bá ń pọ́n tó sì ń ta sókè, ohun kan dí ihò rẹ̀, ìdí ìkòkò yóò sì dúdú. Kò pẹ́ tí ògì fi hó dà sórí ojú kan, iná ibẹ̀ sì pọ́n lóòótọ́. Ó dúró kó tutù, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún tan án, iná padà sí àwọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó wo àìsàn sàn.

Ó kọ́kọ́ gbà pé bí iná bá ṣe tóbi tó ni nǹkan á ṣe yá tó. Yóò ṣí i dé òpin, iná á gun ẹ̀gbẹ́ ìkòkò títí dé etí rẹ̀. Mo ní ìkòkò kọ́ ló ń gbóná yẹn, àjà ni. Kò gbà. Ó ní kí a dán an wò. Ó gbé omi kaná láìdé e, ó ṣí iná gbàgà, ó bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan tó gùn, ó ní ibi tí omi bá ti hó nínú orin náà, kí n mú un sọ́kàn. Nígbà tí ìkòkò tutù, ó da iye omi kan náà sínú rẹ̀, ó dé e, ó dín iná kù títí tí kò fi kọjá ìdí ìkòkò, ó tún bẹ̀rẹ̀ orin láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí omi hó, orin ò tíì kọjá ibi tó dé lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹjú mọ́ ìdérí náà. Láti ọjọ́ yẹn, a ò tún bá a jà lórí iná ńlá mọ́. Bí oúnjẹ bá ti hó báyìí, yóò dín in kù, yóò sì dé e, yóò ní kí gáàsì òun má ṣòfò sórí páànù.

Ohun méjì ni kò tètè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìyá mi kì í jẹ́ kí iná kú. Láyé ìgbà tó wọlé ọkọ, obìnrin tó bá ń wá iná kiri láràárọ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀sín pé kò lè tọ́jú ààrò. Eérú ni ìyá mi máa fi ń bo ẹ̀yín iná bó bá ń lọ sóko, bó bá dé á tú eérú, á fẹ́ ẹ, iná ti dé nìyẹn. Àwọn obìnrin àdúgbò á gbé àpáàdì wá fọn iná lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó yí gáàsì sílẹ̀ títí tó fi kù bíńtín, ó fi ògbólógbòó ìkòkò dé e lójú, ó sì lọ. Ara mi gbóná nígbà tí mo rí i. Mo pa iná náà, mo sì lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà bó ṣe ń bọ̀. Ó yà á lẹ́nu pé mò ń bínú, òun kàn ní kí iná náà sùn díẹ̀ ni. Mo ní bí atẹ́gùn bá pa á, gáàsì á máa jáde lọ ni. Ó rò ó títí.

"Uná tí kì í sùn," ó ní, "kíkú nìkan ló mọ̀." Ó ní ó ṣe òun láàánú.

Èkejì ni fífẹ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ iná, bó bá ti rí iná tó kéré, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò ranjú, yóò fẹ́ ẹ kó lè dìde. Iná igi á dìde. Ti gáàsì á kú. Mo kìlọ̀, ó gbà, ó bú ẹnu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ iná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó dín iná kù bí mo ṣe kọ́ ọ, ó wá bá mi ní iwájú ilé níbi tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gbá etí ìró rẹ̀ kan. Igbá irú wà nínú ilé ìdáná kan náà, ó ti fi ewé àti aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀, nílẹ̀, níbi tí ooru ti máa ń wà. Ìyàwó ilé kejì ń ti oko bọ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, ó ní, Màmá, urú yín ti dé o, ó ti wá pàdé mi lọ́nà. Ìyá mi dúpẹ́. Mo dìde lọ wò ó. Lóòótọ́, òórùn náà kún ilẹ̀ ilé ìdáná, bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń le sí i. Mo ké sí ìyá mi pé irú ti rà.

Ó wọlé, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní rárá o, kò tíì gbóná, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó ni, ọwọ́ òun kì í parọ́. Mo dúró ń ronú. Bó bá jẹ́ irú ni, itọ́ ti yẹ kó wá sí mi lẹ́nu. Láti kékeré, òórùn irú kì í wọ imú mi kí ẹnu mi má tutù. Èyí kò mú itọ́ kankan wá. Ìyá mi fọwọ́ kan ìkòkò ẹ̀wà, ó ní áà, ó ti tutù. Ó na ọwọ́ sí pálí ìṣáná lórí fèrèsé.

Oòrùn ń wọlé gba fèrèsé náà, ó tàn sórí sítóòfù, nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ojú kì í rí iná gáàsì dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Kò síná níbẹ̀. Bọ́tìnì wà ní ṣíṣí.

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ má ṣá a."

Mo gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa orí sìlíńdà, mo yí bọ́tìnì padà, mo ṣí ilẹ̀kùn gbalaja, mo fà á jáde. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé la lọ dúró sí. Ó ní òun rántí báyìí, kí òun tó jáde wá bá mi, iná kéré, òun sì fẹ́ ẹ, òun rò pé ó ṣì ń jó. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bí èèyàn ṣe lè wọ inú òórùn yẹn, kó dúró nínú rẹ̀, kó máa wá ìṣáná. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá fi ìka kan imú rẹ̀.

"Umú mi ti kú," ó ní. "Ọjọ́ ti pẹ́. Mi ò gbọ́ òórùn kankan mọ́."

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló lọ, òun rò pé ọ̀fìnkìn ni. Irú tí a fi ń yìn ín, tí wọ́n ń ti Òkè-Ọ̀pin wá rà, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n: bí ó ṣe gbóná sí lábẹ́ aṣọ, bí ó ṣe ń fà láàárín ìka. Ìdí nìyẹn tí kò fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà gáàsì nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ òórùn. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá lanu, a ó mọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì gbọ́ pé imú òun ti kú, Ìlọrin dé nìyẹn.

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ó fẹ́ fi nǹkan tí kò tó nǹkan sọ wá di ọmọ òrukàn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń sunkún, nítorí pé kì í ṣe ìbínú gan-an ló wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ni. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò bẹ̀ mí pé kí n bá òun pa á mọ́. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n kọ́ òun, kí n wá ọ̀nà mìíràn kọ́ òun, tí kì í ṣe ti imú.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi lọ́kàn. Mo jókòó, mo ń rò ó bí ẹni fẹ́ gé aṣọ tí kò tó. Kí ni imú ń ṣe nídìí gáàsì? Ó ń sọ pé ó ń jò. Ta ló tún lè sọ bẹ́ẹ̀? Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin gáàsì. Nígbà tí mo là á yé e, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ojú lè ṣe é. Ó po ọṣẹ mọ́ omi títí ó fi hó, ó fi kànrìnkàn bu ìfófò náà pa orí sìlíńdà àti gbogbo ibi tí róbà ti wọ irin. Ó ní bó bá ń jò, ọṣẹ á máa wú roboto, á sì máa bẹ́. Ó tú ẹnu róbà díẹ̀ kí ìyá mi lè rí i, ìfófò sì ń wú, ó ń bẹ́. Ó fún róbà náà le padà, ó tún fi ọṣẹ pa á, ọṣẹ sùn jẹ́ẹ́. Ìyá mi ní kó tún tú u. Ó ní kó tún fún un le. Ó ṣe é fúnra rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi ní ó ti tó.

A dá ihò sí ara ògiri, a gbé sìlíńdà síta sábẹ́ páànù kékeré kan, róbà nìkan ló wọlé. Bí ohunkóhun bá jò láti orí rẹ̀, ìta gbangba ló wà. A gbé tábìlì kúrò níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, kí ojú lè rí iná. Irú kó kúrò nílé ìdáná, ó lọ sí ahéré kékeré tó máa ń kó igi ìdáná sí tẹ́lẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má baà tún bo ti gáàsì mọ́lẹ̀ fún ẹni tí imú rẹ̀ yè. Ìyàwó ilé kejì gbà láti máa yọjú bó bá ń kọjá, yóò fínmú, yóò sọ ohun tó gbọ́. A sì fẹnu kò pé ìta ni ìyá mi yóò ti máa pa á: yóò yí orí sìlíńdà, yóò wọlé wá dúró wo iná títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó pa bọ́tìnì.

Ó ku ẹnu tó ń fẹ́ iná. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ìyẹn. Ní àárọ̀ kan mo bá a nídìí ìkòkò pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Mo rò pé ó ń run ún ni. Nígbà tó di ọ̀sán, pákò ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á yọ ọ́, á dáhùn, á tún fi í sẹ́nu. Ìgbà tí iná kéré, tí mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ tó ranjú, pákò ta kò ó lẹ́nu, ó ṣẹ́jú, ó nà dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Mo ti sọ fún un pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí, mi ò ní parọ́. Ó ní ta ló ní kí n parọ́? Òun lòun ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó jẹun ná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó jẹ iyán, ó lá ọwọ́, ó wá ní kí Màmá tan gáàsì kí òun rí i. Èmi ò lè jókòó. Ìyá mi fi pákò sẹ́nu, ó jáde lọ síta, ó ṣí orí sìlíńdà, ó po ọṣẹ, ó fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó wọlé, ó fọwọ́ nu omi, ó ṣáná, ó yí bọ́tìnì, ó gbé omi kaná, ó dé e, ó dín iná kù sábẹ́ ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára. Ó ní ṣùgbọ́n wàhálà ọṣẹ yìí ti pọ̀ jù, ṣebí bó bá ń jò, Màmá á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìyá mi yọ pákò lẹ́nu.

"Mi ò lè gbọ́ ọ," ó ní. "Umú mi ti kú, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ òórùn uná yìí, mi ò gbọ́ ti urú mi, mi ò gbọ́ ti ara mi pàápàá. Ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ."

Ó sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sán ọjọ́ náà fún un, bó ṣe fẹ́ iná pa, bó ṣe na ọwọ́ sí ìṣáná. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó jáde. Mo gba ojú fèrèsé wò ó. Ó fi eékún kúnlẹ̀ nídìí sìlíńdà pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọṣẹ, ó pa á yíká ibi tí ìyá mi ti pa tẹ́lẹ̀, ó dúró ń wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi ò tẹ̀lé e, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ omi tó ń ṣàn lára ìdérí ìkòkò.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó béèrè pé bí Màmá bá gbàgbé láti pa á ńkọ́.

"Máa rán mi létí," ìyá mi ní. "Ìwọ náà ní fóònù lọ́wọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á máa pè é lálaalẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òun yóò máa béèrè ni pé ṣé a ti pa á níta. Ọjọ́ tí òun bá pè tí kò sẹ́ni tó gbé e, kí Màmá mọ̀ pé òun ti wà lọ́nà. Ìyá mi ní òun ti gbọ́. Mo sá wọ yàrá lọ nítorí pé omijé ti kún ojú mi.

Ó kù kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ. Ìyá mi gbé irú tó ti rà wá láti ahéré, ó ń wá ọ̀rá tí yóò fi dì í, ọ̀rá lórí ọ̀rá, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dì í. Kò gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Orí ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ló gbé e sí. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ń wò ó lójú.

"Ṣé ó ń rùn?"

"Ó ń rùn, Màmá. Ó ti gba gbogbo ọkọ̀."

"Báwo ló ṣe ń rùn?"

Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ronú lọ. Ó ní bí ìgbà tí àwọn bá ti ilé ìwé dé tí wọ́n bá Màmá nídìí ààrò. Ìyá mi mi orí, ó ní ó dáa, ó ní kó rọra wakọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí gbogbo gíláàsì ọkọ̀ sókè, ó sì lọ.